Fúláàtì àtijọ́ ní Jákàńdè Ìsọlọ̀: ṣé kí n rà á kí n tún un ṣe, àbí kí n sá fún un?

Táíwò_Èjìgbò · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú èmi àti ìyàwó mi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí n má baà fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn ọ̀la.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń yálé gbé ní Èjìgbò. Láńlọ́ọ̀dù wa ti fowó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Nígbà tó tún kọ lẹ́tà wá lóṣù tó kọjá, a sọ fún ara wa pé owó tí a ti ń kó jọ láti fi ra ilẹ̀, ká kúkú fi ra fúláàtì tí a lè kó sí. Tíṣà ni mí, ìyàwó mi ń ránṣọ, ibi iṣẹ́ àwa méjèèjì ò sì kọjá Ìsọlọ̀.

A rí ọ̀kan ní Jákàńdè Estate, Òkè-Àfà. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, òkè pátápátá nínú bílọ́ọ̀kù onífúláàtì mẹ́fà. Mílíọ̀nù 31 ni wọ́n ń pè é. Bílọ́ọ̀kù tó kọjú sí i, wọ́n ta èyí tí wọ́n ti tún ṣe níbẹ̀ ní mílíọ̀nù 38. Ẹni tó rà á ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Ohun tó mú kó dínwó ni pé láti ayé Gómìnà Jákàńdè, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọ̀dà. Omi pupa ló kọ́kọ́ ń jáde tí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Èéfín sítóòfù ti sọ ògiri kíṣìnnì di dúdú. Ikán ti jẹ férémù fèrèsé yàrá ẹ̀yìn débi pé ìka mi wọnú igi náà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Sílìn pálọ̀ ní àbàwọ́n ràbàtà kan tó dà bíi tíì tó dà sórí aṣọ funfun. Yàrá kan tì pa, wọ́n ní ẹrù ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń tà á ni àkọ́bí ọkùnrin bàbá tí ìjọba pín ilé náà fún. Bàbá yẹn kú lọ́dún 2016. Éjẹ́ǹtì ní mílíọ̀nù 3 ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyàwó mi ní kí n sá. Mílíọ̀nù 36 ni gbogbo ohun tí a ní láyé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò? Kí ni kí n bi wọ́n?

ÌyáÌbejì_ÒkèÀfà · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Àbúrò mi Táíwò, o káre tí o kọ́kọ́ béèrè.

Jákàńdè ni mò ń gbé láti 2005. Ilé yìí dáa. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín bílọ́ọ̀kù kan sí èkejì, atẹ́gùn ń wọlé, ọmọ ń rí ibi ṣeré. Má tìtorí kíṣìnnì dúdú sá fún un. Kíṣìnnì dúdú, kànrìnkàn àti ọ̀dà ló máa yanjú rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ ò rí ni kí o bẹ̀rù.

Kì í ṣe fúláàtì nìkan ni ò ń rà. Ò ń ra ìpín nínú òrùlé, nínú ṣòkáwéè, nínú àtẹ̀gùn, àti nínú ìwà àwọn márùn-ún yòókù. Lọ́dún 2019, ṣòkáwéè bílọ́ọ̀kù wa kún, ìdọ̀tí ń padà gba ilé ìwẹ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọlé. Àwọn kan lókè ní kò kan àwọn. Oṣù mẹ́rin la fi fa ọ̀rọ̀ náà kí gbogbo wa tó dáwó. Ìyá kan tó ti lé ní 70 ọdún wà nísàlẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń lò ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní tí mo bá rántí.

Nítorí náà, lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé nígbà tí àwọn èèyàn ń gbálẹ̀, má mú éjẹ́ǹtì dání. Béèrè alága bílọ́ọ̀kù. Bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kó ṣòkáwéè gbẹ̀yìn, ta ló jẹ gbèsè, ṣé òrùlé ń jò, kí ni wọ́n ti jọ pinnu nípa rẹ̀. Bí fúláàtì tí o fẹ́ rà bá jẹ gbèsè owó bílọ́ọ̀kù, ìwọ ni wọ́n máa wá bá.

Ó tún ku ilé ìwẹ̀. O wà lókè pátápátá, omi rẹ orí ẹlòmíràn ló máa kán sí. Kí àwa tó ra tiwa, ọkọ mi fi àkísà àti ọ̀rá di ihò tí omi ń gbà jáde, a wá da omi sílẹ̀ títí ó fi ga tó ìka méjì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé. A tilẹ̀kùn, a relé. Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì, omi ti fi ìbú ìka kan lọ sílẹ̀ lábẹ́ ìlà yẹn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ kí ìyá ìsàlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí n wo sílìn rẹ̀. Ó ti ń kán tó, tó, tó sórí ìdérí ìkòkò rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ń tà á dínwó fún wa láìjiyàn.

Ṣe é. Wákàtí 24 gbáko ni o.

Káyọ̀dé_Oníwáyà · Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, mílíọ̀nù 3 ò lè tó. Wáyà, páìpù omi àti ilé ìwẹ̀ nìkan á jẹ ẹ́ tán, ẹ ò tíì dé orí sílìn.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yẹn, gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ni wọ́n rò pé wọ́n máa tàn níbẹ̀. Lóde òní, ẹ máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù, fírísà, áyọ́ọ̀nù àti máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó yín lé wáyà kan náà. Ẹ pa iná láti ojú kọ́táòtù, kí oníwáyà yín tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú kíṣìnnì. Bí rọ́bà ara wáyà bá ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìpékeré tó gbó, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Gbogbo ilé ni kí ẹ fa wáyà tuntun sí.

Mílímítà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi 1.5 fa sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí owó. Tí ẹ bá ra wáyà ní Alábà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú irin rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, bàbà kọ́, ọ̀dà bàbà ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ tún béèrè áàsì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un ti jẹrà tán.

Ẹ wo mítà náà pẹ̀lú. Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n ra iná 1,000 náírà sí i lójú yín. Bí gbèsè bá wà lórí rẹ̀, ó lè gé nínú owó yẹn, ẹ ó sì rí i kíákíá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí onítáìlì ṣíwájú oníwáyà àti púlọ́ńbà. Mo ti fi òòlù fọ́ táìlì tuntun rí, ìyá tó ni ín dúró tì mí, ó ń nu ojú rẹ̀.

Bádé_Púlọ́ńbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Káyọ̀dé ti sọ tèmi mọ́ tirẹ̀. Omi pupa yẹn, páìpù irin ló ti dípẹtà látinú. Má fi táǹkì tuntun bò ó. Ẹni tó bá ní kí o pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ nìkan, kò fẹ́ ire fún ọ. Inú páìpù yẹn ti há, ẹ ó máa dúró de omi bí ẹní ń dúró de òjò.

Níbi tí èmi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi kì í ti í gbọ́ ara wa yé ni pé wọ́n fẹ́ràn láti gbẹ́ ògiri kí páìpù tuntun lè wọnú rẹ̀. Ní ilé àtijọ́, mo máa ń gbé e gba ẹ̀yìn ilé, kí n kàn án mọ́ ògiri dáadáa. Kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá jò, o ó rí i.

Lọ́yà_ỌmọẸ̀gbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ dúkìá ni mo fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ lọ́yà láti ọdún 14. Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì lojú mi dúró lé nínú ohun tí Táíwò kọ: àkọ́bí ọkùnrin ló ń tà á, yàrá kan sì tì pa.

Ẹni tí wọ́n pín ilé fún ti kú. Bí kò bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, lójú òfin àṣà Yorùbá, ilé yẹn ti di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, àtọkùnrin àtobìnrin. Dàwódù lè jẹ́ olórí ẹbí, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tó ni ilé. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìfi lọ àwọn ọmọ yòókù, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì lè wọ́gi lé títà náà. Bí ẹni tó tà á ò bá tiẹ̀ jẹ́ olórí ẹbí, títà yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, táìlì tuntun yín, wáyà tuntun yín, orí ilé onílé ló wà.

Ẹ béèrè letter of administration, ìyẹn ìwé tí kóòtù gíga ń fún àwọn tí yóò bójú tó ogún olóògbé. Gbogbo orúkọ tó bá wà lórí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé títà. Kì í ṣe ẹnì kan kó ní òun ń ṣojú àwọn yòókù. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà allocation tí ìjọba fi pín ilé fún bàbá náà àti rìsíìtì tó fi sanwó, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì LSDPC, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé ìjọba, ní Town Planning Way, Ìlúpéjú. Ẹ bi wọ́n pé orúkọ ta ló wà nínú fáìlì, ṣé gbèsè wà lórí rẹ̀, kí ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó gbé e sí orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ gba lọ́yà tiyín. Lọ́yà ẹni tó ń tajà kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń rajà.

Ẹ sì wo yàrá tó tì pa yẹn. Ta ló ni ẹrù inú rẹ̀?

Bàbá_Fẹ́stáàkì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òfin lé ọmọ yìí sá. Bí gbogbo wa bá ń dúró de ìwé báyìí, ta ni ì bá rí ilé rà ní Èkó?

Fẹ́stáàkì ni mò ń gbé, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún ọdún 1977, tí wọ́n wá pín ilé rẹ̀ fún aráàlú. 2009 ni mo ra tèmi lọ́wọ́ ọmọ ẹni tí wọ́n pín in fún. Power of attorney àti rìsíìtì ni wọ́n fún mi. Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi títí dòní. Ilé mi ti pé lójú mi. Táíwò, bá ẹni tó ń tà á jókòó, wo ojú rẹ̀, mú àgbà méjì dání. Bí o bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn á gbé e.

Lọ́yà_ỌmọẸ̀gbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:11 ọ̀sán

Bàbá, mo fọ̀wọ̀ wọ̀ yín o, inú mi sì dùn pé ẹnikẹ́ni ò dààmú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan méjì ṣe.

Fẹ́stáàkì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, FHA, àjọ ilé ìjọba àpapọ̀, lẹ ó bá sọ̀rọ̀. Jákàńdè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Ìwé ibì kan ò bá ibì kejì mu, nítorí náà ohun tó bá yín lára mu níbẹ̀ ò lè dáàbò bo Táíwò ní Ìsọlọ̀.

Power of attorney ń sọ pé kí ẹnì kan máa ṣe nǹkan lórúkọ ẹlòmíràn. Òun nìkan ò gbé ilé fún ẹnikẹ́ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ lọ́dún 1993. Bàbá, ṣé ẹ ti gbé ìwé yẹn lọ sí báńkì rí, tàbí kí ẹ fẹ́ tà á?

Bàbá_Fẹ́stáàkì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 alẹ́

Mo ti ń rò ó láti ọ̀sán. Òótọ́ ni pé ọmọ mi gbé ìwé náà lọ sí báńkì lọ́dún 2021, ó fẹ́ fi yáwó ṣòwò. Wọ́n dá a padà. Mo rò pé nítorí ọjọ́ orí ilé ni. Lọ́yà, mo ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Táíwò, ọ̀rọ̀ pé kí o mú àgbà méjì dání, mi ò kó o jẹ o. Ṣùgbọ́n gbọ́ ti lọ́yà lórí ìwé.

Ṣadé_Ilétuntun · Ọjọ́rú, 11:05 àárọ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìbẹ̀rù pa ayọ̀ yín. Fúláàtì Jákàńdè máa ń rẹwà gan-an tí ẹ bá wó ògiri tó wà láàárín kíṣìnnì àti pálọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Mo ti ṣe é fún oníbàárà mẹ́ta. Ẹ wá fi PVC ṣe sílìn, ẹ pààrọ̀ fèrèsé sí alumíníọ̀mù, ẹ ra táìlì ní Orílé-Coker. Tí ẹ bá ń ra táìlì, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi páálí méjì tàbí mẹ́ta kún un. Tí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ ò ní í bára mu mọ́.

Ẹnjiníà_Ìkòròdú · Ọjọ́rú, 11:52 àárọ̀

Ṣadé, ti táìlì yẹn dáa. Ti ògiri yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti dé ibẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ bílọ́ọ̀kù ayé ìgbà yẹn, ògiri ló gbé ilé dúró, kì í ṣe òpó. Táíwò ní òkè pátápátá ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ògiri kíṣìnnì yẹn gan-an ni igi òrùlé jókòó lé. Ẹni tó bá wó o ń fi ẹ̀mí ìdílé mẹ́fà ta tẹ́tẹ́. Pé mẹ́ta ò tíì wó ò túmọ̀ sí pé wọn ò ní í wó. Ní Èkó, àyípadà bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, bí LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, bá sì bá yín lẹ́nu rẹ̀ láìsí ìwé, wọ́n á ti ilé náà pa. Bí ìmọ́lẹ̀ lẹ bá ń wá, ẹ fi fèrèsé tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa sípò èyí tí ikán jẹ, kí ẹ má sì kọjá ìbú tó wà nílẹ̀.

Táíwò, nígbà tí o bá lọ, wo igun ibi tí ògiri ti pàdé sílìn àti igun fèrèsé. Ìlà tó tín-ín-rín bí irun lára pílásítà, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tí kọ́bọ̀ lè wọnú rẹ̀, tó ń gun ògiri lọ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, ya fọ́tò rẹ̀ kí o fi hàn mí. Wo abẹ́ àtẹ̀gùn àti bákónì pẹ̀lú. Bí irin bá ti yọ sí gbangba tó ń dípẹtà, ìyẹn ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Gbá táìlì àti pílásítà pẹ̀lú ẹ̀yìn ìka ọwọ́ rẹ káàkiri. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, ó ti yọ kúrò lára ògiri.

Kí o sì lọ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ilé tí kò jò ní oṣù kìíní lè máa jò bí ajẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ṣadé_Ilétuntun · Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Mi ò rò ó dé ibi òrùlé. Màá pe àwọn oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹnjiníà lọ wò ó.

Rótìmí_Káfíńtà · Ọjọ́rú, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Sílìn àtijọ́ yẹn, ásíbẹ́tọ́ọ̀sì ni. Kò le. Òòlù kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì, wákàtí mẹ́ta a ti fọ́ ọ dà sílẹ̀, a gbá a, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Bísí · Ọjọ́rú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Bọ̀dá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ẹ̀dọ̀fóró yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ásíbẹ́tọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò fọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Eruku rẹ̀ ló ń pani. Ó kéré débi pé ojú ò rí i, tí ẹ bá sì fà á símú, kì í jáde mọ́. Àìsàn rẹ̀ lè lo 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń fọ́ ọ lónìí á máa sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de lílò rẹ̀ pátápátá láti 1999.

Bí sílìn náà ò bá tíì fọ́, ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan férémù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi PVC bò ó láì fọwọ́ kàn án. Bó bá di dandan kó kúrò, bí èyí tí omi ti bà jẹ́ ní pálọ̀ yẹn, ẹ fi omi rin ín dáadáa, ẹ tú ìṣó rẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ lódindi, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀, àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Aṣọ tí a fi bo imú nígbà Kòrónà ò dí i, ìbomú tó ní àsẹ́ ni kí ẹ rà. Kí ọmọdé má sí nítòsí.

Rótìmí_Káfíńtà · Ọjọ́rú, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ọdún 22 rèé tí mo ti ń fọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí. Ṣé àyẹ̀wò wà tí mo lè lọ ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Bísí · Ọjọ́rú, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Ó wà. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe àti iye ọdún fún un, kó ya fọ́tò àyà yín. Tí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́ lónìí. Mo ń dúró kí n gbọ́ bó ṣe lọ.

Àdùkẹ́_Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́bọ̀, 12:15 òru

Ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Lọ́dún 2014 mo ra fúláàtì tó jẹ́ ti káńsù tẹ́lẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kíṣìnnì rẹ̀ burú ju ti Táíwò lọ, mo sì rò pé kíṣìnnì ni ìnáwó mi. Ọdún kẹta ni lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òrùlé gbogbo bílọ́ọ̀kù. Ìpín tèmi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́n-ùn.

Ohun tó gbà mí ni pé òfin ibí sọ pé bí iṣẹ́ bá máa ná olúkúlùkù ju 250 pọ́n-ùn lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wa, kí wọ́n fi iye owó hàn wá, kí a lè sọ tẹnu wa. Nítorí náà mo rí àyè wáwó. Táíwò, kó o tó rà á, béèrè bóyá bílọ́ọ̀kù yẹn ní ìwé àdéhùn kankan lórí bí wọ́n ṣe ń pín owó òrùlé.

ÌyáÌbejì_ÒkèÀfà · Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Àdùkẹ́, a ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tó ń fọwọ́ lé wa lẹ́yìn níbí. Ẹnu ara wa la fi ń ṣe é. Ní bílọ́ọ̀kù tèmi, ẹni tó wà lókè pátápátá ló kọ́kọ́ ń tún òrùlé ṣe nítorí orí rẹ̀ ló ń jò sí, àwọn ìsàlẹ̀ á wá fún un ní ohun tí wọ́n bá rí. Táíwò, òkè pátápátá lo wà o. Fi gbogbo owó òrùlé sínú ìṣirò rẹ bí ẹni pé ìwọ nìkan ló máa san án. Bí wọ́n bá dá sí i, èrè ni.

Ẹnjiníà_Ìkòròdú · Ọjọ́bọ̀, 7:04 àárọ̀

Mi ò fara mọ́ èyí pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ti gbà á báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, títí láé ni òun nìkan á máa san án. Kó jẹ́ kí alága kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wọlé, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ sí i. Omi tó bá wọ òkè máa dé ìsàlẹ̀.

Táíwò_Èjìgbò · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 8:25 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo lọ sí Ìlúpéjú. Orúkọ bàbá ló ṣì wà nínú fáìlì. Sátidé ni mo lọ bá alága bílọ́ọ̀kù, ìyá ìsàlẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo kàn bi í pé ta ló ni ẹrù tó wà nínú yàrá tó tì pa. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹrù Ìyá Ṣọlá ni. Ìyàwó kejì bàbá. Ṣọlá ló ti í pa lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀." Ó fún mi ní nọ́ńbà Ṣọlá.

Mo pè é níwájú wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun pé wọ́n ń ta ilé bàbá àwọn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n, ìyá méjì. Òun àti àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò tíì gba letter of administration láti 2016.

Owó àsansílẹ̀ mílíọ̀nù 5 ni éjẹ́ǹtì ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n san. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo fẹ́ san án tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó jókòó sórí àpótí máṣíìnì rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí náà kọ́kọ́ bínú sí mi. Lánàá ó pè, ó ní òun àti Ṣọlá ti sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ jókòó. Mo ṣì fẹ́ ilé náà o. Oníwáyà àti púlọ́ńbà tí mo mú dání, pẹ̀lú bíríkìlà kan, ṣírò mílíọ̀nù 7 ààbọ̀ láìka òrùlé. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí wọn kó lè yá?

Lọ́yà_ỌmọẸ̀gbá · Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́

Má dá sí i. Bóyá ìdí-igi, ìyẹn iye ìyàwó, ni wọ́n máa fi pín owó náà ni, bóyá orí-ò-jorí, ìyẹn iye ọmọ, ni, ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Tí o bá dá sí i, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á ní ìwọ lo tú ilé àwọn.

Kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn márààrún: pé o fẹ́ rà á, iye tí o máa san, àti pé ọjọ́ tí letter of administration bá jáde tí gbogbo orúkọ orí rẹ̀ fọwọ́ síwèé ni owó máa wọlé. Má san owó àsansílẹ̀ kankan fún ẹnì kan. Ó máa gba oṣù díẹ̀. Jẹ́ kí owó rẹ wà ní báńkì tìrẹ. Nígbà tó bá tó àkókò, kọ́kọ́rọ́ yàrá tó tì pa yẹn, ọwọ́ Ṣọlá fúnra rẹ̀ ni kí o ti gbà á, lẹ́yìn tó bá kó ẹrù ìyá rẹ̀.

Ẹnjiníà_Ìkòròdú · Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Lórí owó: mílíọ̀nù 38 ni èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Yọ mílíọ̀nù 7 ààbọ̀ kúrò, yọ owó òrùlé, yọ owó lọ́yà àti ti ìwé, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó máa yọjú lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ògiri, torí nǹkan á yọjú. Lójú tèmi, má kọjá mílíọ̀nù 26. Fi ìwé ìṣirò àwọn oníṣẹ́ so mọ́ lẹ́tà rẹ kí wọ́n rí i pé kì í ṣe àbòsí.

ÌyáÌbejì_ÒkèÀfà · Ọjọ́ Àìkú, 9:48 alẹ́

Ìdánwò omi ńkọ́? O ò tíì sọ ọ́.

Táíwò_Èjìgbò · Ọjọ́ Àìkú, 10:10 alẹ́

A ò tíì ṣe é, Mà. Éjẹ́ǹtì ò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ di ọjọ́ kejì. Ṣọlá ní òun máa bá wa ṣílẹ̀kùn ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní òun fúnra òun ló máa fa ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn.

ÌyáÌbejì_ÒkèÀfà · Ọjọ́ Àìkú, 10:14 alẹ́

Ó dáa. Ẹ pè mí tí ẹ bá dé géètì. Màá bá yín sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kó má baà jẹ́ pé àlejò ló máa bá a wo sílìn rẹ̀.